Ta Ló Bá A Lọ?

Bí ọkùnrin bá gbé báàgì kọ́ èjìká wọ gáréèjì, ibi tó ń lọ nìkan ni wọ́n máa bi í. Bí obìnrin bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á bi í níbi tó ń lọ, wọ́n á sì fi èkejì lé e: ta ni ẹ jọ ń lọ? Ìbéèrè kejì yìí ò mọ sẹ́nu àgbèrò. Aṣọ́bodè ń bèèrè rẹ̀, àáfà ń bèèrè rẹ̀, akọ̀wé òtẹ́ẹ̀lì ń bèèrè rẹ̀, ìyá tó bí ọmọ náà gan-an kì í gbàgbé láti bèèrè rẹ̀. Àwọn tó sì ń fi ọ̀rọ̀ yìí jiyàn lóde òní máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé àná ni obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dá jáde nílé, pé íńtánẹ́ẹ̀tì àti fíìmù òyìnbó ló kọ́ ọ. Ẹni tó bá dúró sí Ìwó wo ọ̀rọ̀ náà ò lè gbà bẹ́ẹ̀.

Ìlú ọjà ni Ìwó Olódò Ọbà, ìlú Mùsùlùmí sì ni láti ayé Olúwòó Lámúyẹ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àwọn tó ń pìtàn ìlú náà á sọ fún yín pé Adékọ́lá Télù, ọmọ ọba láti Ifẹ̀, ni orírun ìdílé ọba wọn, àti pé Lúwòó, obìnrin kan ṣoṣo tí ìtàn Ifẹ̀ kà mọ́ àwọn Ọọ̀ni, ló bí Télù. Ìlú tó ka obìnrin sí ìyá ńlá àwọn ọba rẹ̀, tó ń kírun nígbà márùn-ún lójúmọ́, tí àwọn ìyá ibẹ̀ sì ń jí lọ sọ́jà Ìbàdàn àti Èkó kí àkùkọ tó kọ: ibẹ̀ ló yẹ ká ti gbé ìjà yìí wò.

Ká tó dé ọ̀dọ̀ òfin àti ẹ̀sìn, ẹ jẹ́ ká wo alájàpá. Òun ni obìnrin tó ń ra ọjà oko ní ìlú kan, tó ń lọ tà á ní ìlú mìíràn; èrè tó bá kù lẹ́yìn owó ọkọ̀ àti owó alábàárù ni owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀. Ẹ lọ dúró ní gáréèjì tí wọ́n ti ń kérò Ìbàdàn nígbà tí ojú ò tíì là tán. Ẹ ò ní pẹ́ rí ìyá kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó ń ka àpò gàrí rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń jù wọ́n sẹ́yìn ọkọ̀. Ó ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí ìkọ̀ọ̀kan wọn. Kì í ṣe orúkọ ló kọ, ìlà méjì àti ohun róbótó kan ni. Alábàárù mọ àmì náà ní ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn, dírébà mọ̀ ọ́n, débi pé bí ara ìyá ò bá yá lọ́jọ́ kan, ẹrù á lọ, owó á sì padà wá bá a nílé. Iwájú ló jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírébà, kì í sì í ṣe nítorí afẹ́fẹ́. Ibẹ̀ lèèyàn ti ń rí ojú ọ̀nà, ibẹ̀ ló ti ń mọ̀ bí dírébà bá ń tòògbé, ibẹ̀ náà ló sì ti yá láti bọ́ sílẹ̀. Owó ọjà wà nínú àpò kékeré tó so mọ́ abẹ́ ìró. Owó ọkọ̀ àti ti ọlọ́pàá wà lọ́wọ́, kó má baà di pé ó ń tú ìró níta. Kò sẹ́ni tó bi í pé ta ló ń bá a lọ. Ẹrù rẹ̀ ti bá a dáhùn.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é kí mọ́tò tó dé. Nígbà ogun Kírìjì, láti 1877 títí di 1893, tí ajínigbé kún inú igbó, ọjà ò torí ẹ̀ dúró. Àwọn èrò á kó ara wọn jọ rẹpẹtẹ, ológun á ṣíwájú wọn, ológun á tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, oníbodè á gba tirẹ̀ lọ́wọ́ wọn, obìnrin sì pọ̀ jọjọ nínú àwọn tó rẹrù. Ẹfúnróyè Tinúbú ṣòwò dé Badagry àti Èkó, nígbà tí Campbell, kọ́ńsù ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, sì lé e kúrò ní Èkó ní 1856, ó kó òwò rẹ̀ dé Abẹ́òkúta, ó sì lówó níbẹ̀ títí tó fi kú ní 1887. Nígbà tó yá, rélùwéè tó ti dé Ìbàdàn ní 1901 gba Ìwó kọjá lọ sí Òṣogbo, ẹrù alájàpá sì rí ẹsẹ̀ mìíràn tí yóò fi máa rìn.

Àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ ejò níyà, alájàpá sì gbọ́n ju ejò lọ. Ẹ wo àwọn tó wà nínú ìrìn tí a ní obìnrin yìí dá rìn: àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ná ọjà, dírébà tó ti ń gbé e láti ìgbà tó wà lọ́mọge, oníbàárà tó ń retí rẹ̀ ní Bódìjà, ìyá onílé kan ní Ìbàdàn tó ń tẹ́ ẹní sílẹ̀ fún un bí ilẹ̀ bá ṣú. Ọkọ rẹ̀ nìkan ni kò sí níbẹ̀. Ohun méjì ni a dà pọ̀ nínú àríyànjiyàn yìí. Ọ̀tọ̀ ni kéèyàn má ní ẹni tó lè ké sí lójú ọ̀nà, ọ̀tọ̀ ni kéèyàn má ní ọkùnrin tó dúró lé e lórí. Àkọ́kọ́ léwu fún takọtabo. Ti èkejì, mi ò tíì rí ẹni tó ṣàlàyé ewu rẹ̀ fún mi yé.

Láti Ìwó ẹ lè gba ọ̀nà lọ sí Èjìgbò, kò jìnnà, ọ̀rọ̀ náà yóò sì tún fẹ̀ sí i. Ó ti pẹ́ tí àwọn ará Èjìgbò ti ń lọ sí Abidjan, láti ayé ìjọba Faransé. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ní ẹsẹ̀ kan nílé, ẹsẹ̀ kan lọ́hùn-ún. Ọmọ tí wọ́n bí sọ́hùn-ún á máa fi Faransé lú Yorùbá, owó sífà kì í sì í ṣe àjèjì ní Èjìgbò. Ọkọ̀ ń gbéra níbẹ̀ lọ sí Abidjan, àwọn obìnrin oníṣòwò wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù wọn: Sèmè, Kòtònú, Hilla-Condji, Lomé, Aflao, Àkrà, Elubo, Noé, lẹ́yìn náà Abidjan. Lórí ìwé, àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ní 1979 yọ̀ǹda fún ọmọ orílẹ̀-èdè kan láti lo 90 ọjọ́ ní òmíràn láìgba físà. Lójú ọ̀nà, aṣọ́bodè kọ̀ọ̀kan ló ní àdéhùn tirẹ̀, ẹgbẹ̀rún kan níbí, ẹgbẹ̀rún méjì lọ́hùn-ún, ìyá tó bá sì ti pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà náà mọ iye tí wọ́n ń gbà ní bodè kọ̀ọ̀kan bí ẹni mọ iye ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà. Ìrìn náà kì í ṣe eré. Ní November 18, 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àjèjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì láti kó jáde, àwọn ìyá oníṣọ́ọ̀bù tó ti pẹ́ níbẹ̀ sì fi ọjà sílẹ̀ lórí àtẹ, wọ́n padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ àti Èjìgbò pẹ̀lú ohun tí orí wọn lè rù. Ọ̀nà tún dí nígbà tí Nàìjíríà ti bodè ilẹ̀ rẹ̀ láti oṣù kẹjọ 2019 títí di oṣù kejìlá 2020. Àwọn ìyá náà tún gbéra.

Ìdí nìyí tí ariwo Pelumi Nubi fi ṣe mí ní kàyéfì díẹ̀. Ní ìparí oṣù kìíní 2024, ọmọbìnrin náà wọ Peugeot 107 kékeré aláwọ̀ àlùkò ní Lọ́ńdọ́nù, ó wà á gba Yúróòpù, Mòrókò àti aṣálẹ̀ wọ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ní Côte d'Ivoire, ó lọ kọlu tírélà tó dúró sójú ọ̀nà, iwájú ọkọ̀ fọ́ wómúwómú. Ó tún un ṣe, ó ń bá ọ̀nà lọ, ó sì dé Èkó ní April 7. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó pàdé rẹ̀ tìlù tìfọn. Mi ò bu iyì ọmọ náà kù. Ẹni tó bá ti wakọ̀ gba bodè mẹ́ta tẹ̀ léra rí mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n apá ìkẹyìn ìrìn náà, láti Abidjan dé Sèmè, ọ̀nà àwọn ìyá Èjìgbò ni, kò sì sí kámẹ́rà kan tó ń dúró dè wọ́n ní bodè.

Kí ló wá dé tí ti ọmọbìnrin yìí fi yà wá lẹ́nu? Kò rẹrù ni. Kò lọ tajà, kò lọ wo ọmọ tuntun, kò lọ síbi ìnáwó, kò sí ọkọ tó ń lọ bá. Ó lọ nítorí pé ó wù ú láti lọ. Ibẹ̀ gan-an ni bàtà ti ń ta ọ̀pọ̀ wa lẹ́sẹ̀. Obìnrin tó ń bá iṣẹ́ ẹlòmíràn rìn, ì báà jẹ́ iṣẹ́ ọmọ tàbí ti ọjà, a mọ ibi tí a ó gbé e sí. Èyí tó lóun fẹ́ lọ wo igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kọ sínú ìwé ohun àjogúnbá ayé ní 2005, kí òun sun ibẹ̀ lóru kan, kí òun sì padà sílé, a ó ní kí ló ń wá kiri. Ọkùnrin á ní òun fẹ́ lọ gba atẹ́gùn, a ó ní kó kí wọn lọ́hùn-ún.

Ní Ìwó, ẹni tó bá sọ̀rọ̀ yìí láìdárúkọ mùhárámù ò tíì sọ nǹkan kan. Hádíìsì wà nínú Bùhárì pé obìnrin tó gba Ọlọ́run àti ọjọ́ ìkẹyìn gbọ́ ò gbọ́dọ̀ rin ìrìn ọ̀sán kan àti òru kan láìsí mùhárámù, ìyẹn ọkùnrin tí kò tọ́ fún un láti fẹ́. Àwọn àáfà tó di èyí mú ò parọ́. Ṣùgbọ́n inú Bùhárì náà la ti rí èyí tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́run sọ fún Adiyy ọmọ Hátímù, pé ọjọ́ ń bọ̀ tí obìnrin yóò gbéra láti Hírà, ní ilẹ̀ Ìráàkì, tí yóò lọ yí Káábà ká, tí kò ní bẹ̀rù ẹnikẹ́ni àyàfi Ọlọ́run. Àwọn kan nínú onímọ̀ ní ààbò ọ̀nà ni èkíní ń lé, pé bí ọ̀nà bá ti balẹ̀, ìdí òfin náà ti yí padà. Àwọn mìíràn ò gbà. Màlíkì, tó jẹ́ pé ìlànà tirẹ̀ ni ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ilẹ̀ wa ń tẹ̀ lé, gbà pé fún Hájì tó jẹ́ ọ̀ranyàn, obìnrin lè bá ìkọ̀ èrò tí ọkàn balẹ̀ sí lọ. Ìkọ̀ èrò: ẹ ò rí i pé ohun tí alájàpá ń ṣe ni wọ́n ń sọ.

Ìwé ò sì jẹ́ kó dẹrùn. Ní oṣù kẹsàn-án 2012, àwọn aláṣẹ Saudi Arabia dá bí 1,000 obìnrin Nàìjíríà dúró nígbà tí wọ́n lọ ṣe Hájì, wọ́n ní wọn ò ní mùhárámù, tàbí pé orúkọ ọkùnrin tó wà nínú ìwé wọn ò bá tiwọn mu. Tẹ́lẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìgbìmọ̀ Hájì ló ń dúró fún irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀. Lọ́dún yẹn, wọ́n ní àwọn ò gbà á mọ́. Obìnrin tó ti dá èésú fún ọdún pípẹ́, tó ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo àdúgbò, tí wọ́n ti ń pè ní Alhaja kó tó kúrò nílé, sun orí ilẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú, wọ́n sì dá ọ̀pọ̀ nínú wọn padà. Ẹ fojú inú wo ìwọlé ìyẹn sí àdúgbò. Ní oṣù kẹjọ 2019, ìjọba Saudi kan náà yọ̀ǹda fún obìnrin wọn tó ti pé ọdún 21 láti gba páṣípọ́ọ̀tù kó sì rìnrìn àjò láìgbàṣẹ lọ́wọ́ ọkùnrin. Ní 2022, mínísítà Hájì wọn kéde pé obìnrin lè wá sí Hájì láìsí mùhárámù. Ẹni tó bá ṣì ń fi Mẹ́kà halẹ̀ mọ́ ìyàwó rẹ̀ ní Ìwó, kó yáa wá ibòmíràn fi halẹ̀.

Òfin Nàìjíríà ò ní kí obìnrin jókòó sílé. Abala 41 nínú ìwé òfin 1999 fún gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè láyè láti lọ síbi tó bá wù wọ́n, abala 42 sì kọ̀ kí wọ́n yọ ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀ nítorí pé ó jẹ́ obìnrin. Síbẹ̀, fún ọdún pípẹ́, bí ìyàwó ilé bá lọ gba páṣípọ́ọ̀tù, wọ́n á ní kó lọ mú ìwé ìyọ̀ǹda wá lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Dókítà Priye Iyalla-Amadi, ìyàwó òǹkọ̀wé Elechi Amadi, kò mú un wá. Ó gbé àjọ Immigration lọ sí kóótù gíga ìjọba àpapọ̀ ní Port Harcourt, adájọ́ Olotu sì dá a láre ní 2009 pé àṣà náà tàpá sí ìwé òfin. Ní Àbújá, wọ́n mú òṣèré Dorothy Njemanze àti àwọn obìnrin mìíràn lójú pópó, wọ́n pè wọ́n ní aṣẹ́wó nítorí pé wọ́n wà níta lálẹ́. Ó di ọdún 2017 kí ilé ẹjọ́ ECOWAS tó ní kí Nàìjíríà san ₦6,000,000 fún ẹnìkọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́ta nínú wọn. Ìdájọ́ méjèèjì dáa. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ kì í jókòó sídìí tábìlì òtẹ́ẹ̀lì. Mo ti dúró níwájú irú tábìlì bẹ́ẹ̀ rí, owó lọ́wọ́ mi, tí akọ̀wé ń wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹni tí mo bá wá ṣì ń wá ibi gbé ọkọ̀ sí. Nígbà tó rí i pé kò sẹ́nì kankan, ohùn rẹ̀ yí padà, owó yàrá náà sì yí padà.

Ti ewu, mi ò ní bò ó. Ní oṣù kejì 2022, ọmọbìnrin aránṣọ ẹni ọdún 22 kan wọ ọkọ̀ BRT ní Lẹ́kí lálẹ́, ó ń lọ sí ọ̀nà Òṣòdì. Ara fu ú nínú ọkọ̀, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ka nọ́ńbà ọkọ̀ náà fún un. Òkú rẹ̀ ni wọ́n rí ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Ní oṣù karùn-ún 2025, kóótù gíga Èkó dájọ́ ikú fún dírébà náà. Ẹ wo ohun tó ṣe: ọkọ̀ ìjọba ló wọ̀, ibùdókọ̀ ló ti wọ̀ ọ́, ó fi nọ́ńbà ọkọ̀ ránṣẹ́, ó ké sí èèyàn. Gbogbo ìmọ̀ràn tí à ń fún àwọn ọmọbìnrin ló tẹ̀ lé. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó wà lọ́wọ́ àwọn tó gba dírébà síṣẹ́.

Ìmọ̀ràn náà ṣì wúlò, ẹ má ṣì mí gbọ́. Inú gáréèjì ni kí ẹ ti wọkọ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ èrò sílẹ̀, kì í ṣe ẹ̀bá títì tí ọkọ̀ ti ń rọra dúró pé ó ku ẹnìkan. Ọgbọ́n àwọn wọ́n-ṣáǹsì nìyẹn, kí ẹ bá ọkùnrin mẹ́ta nínú ọkọ̀ tí wọn ò jọra wọn, kí ẹ rò pé èrò ni wọ́n, kí wọ́n sì fi yín sáàárín. Ọkọ̀ ojú irin tuntun tó ń na Èkó sí Mọ́níyà láti oṣù kẹfà 2021 ti gba ọ̀pọ̀ obìnrin lọ́wọ́ ọ̀nà márosẹ̀. Kìlómítà 157 láìsí pé ẹnìkan ń fi orúnkún há yín. Kò dé Ìwó, ṣá. Ẹni tó bá sọ̀ ní Mọ́níyà nírọ̀lẹ́ ṣì ní láti la Ìbàdàn já dé Ìwó Road kó tó rí ọkọ̀ Lálúpọn àti Ìwó, ibẹ̀ gan-an sì ni ilẹ̀ máa ń ṣú sí.

Àwọn tó ní ká máa wá ẹni tí yóò tẹ̀ lé obìnrin, kí wọ́n ronú sí èyí. Ní oṣù kẹrin 2020, ọkùnrin kan ní Lẹ́bánónì gbé àwòrán obìnrin Nàìjíríà ẹni ọgbọ̀n ọdún sórí Facebook pẹ̀lú páṣípọ́ọ̀tù rẹ̀, ó ní títà ni, 1,000 dọ́là. Bẹ́ẹ̀, obìnrin tó ń bá irú ọ̀nà yẹn lọ sí Lẹ́bánónì tàbí Oman kì í sábà dá gbéra. Ẹnìkan ló mú un dání: èèjẹ́ǹtì tí ẹ̀gbọ́n mọ̀, tí bàbá ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó ní òun ló máa san owó ọkọ̀ òfurufú. Òun ló di páṣípọ́ọ̀tù mú, òun ló mọ àdírẹ́sì. Bí a bá bi bàbá náà pé ta ló bá a lọ, ìdáhùn wà lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí alájàpá Ìwó ní tí ọmọ yìí ò ní ni pé òun fúnra rẹ̀ ló yan àwọn tó ń bá a rìn, owó ara rẹ̀ ló fi wọkọ̀, bí dírébà bá sì hùwàkiwà, ó lè sọ̀kalẹ̀ ní Lálúpọn kó wọ òmíràn.

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń tún irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ́nà tiwọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin tó ń wá láti Èkó àti ibòmíràn sí Bowen, yunifásítì tí ìjọ Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ ní Ìwó ní 2001, mọ bí wọ́n ṣe ń fi WhatsApp wá ẹni tí yóò gba ọ̀nà kan náà. Wọ́n á fi àwòrán nọ́ńbà ọkọ̀ ránṣẹ́ kí ọkọ̀ tó gbéra, wọ́n á fi ibi tí wọ́n dé hàn lórí fóònù títí wọ́n á fi wọlé. Ohun tí kò sí fún wọn ni ìyá onílé. Ilé tí obìnrin lè sùn lóru kan, tí kò jẹ́ ilé ẹbí, tí kò sì sí ẹni tó máa kan ilẹ̀kùn ní aago méjì òru, ṣọ̀wọ́n ní ọ̀pọ̀ ìlú wa. Àwọn ẹgbẹ́ àsàlátù ní gbọ̀ngàn, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ní ilé àlejò. Bí wọ́n bá yọ yàrá méjì-mẹ́ta sọ́tọ̀ fún obìnrin tó bá pẹ́ lọ́nà, wọ́n á ti ṣe ju ìkìlọ̀ lọ.

Gáréèjì ńkọ́? Inú òkùnkùn ni alájàpá ti ń ka ẹrù rẹ̀, ẹ̀yìn ògiri ni wọ́n ní kó lọ tọ̀ sí, bẹ́ẹ̀ ó sanwó tíkẹ́ẹ̀tì lórí àpò kọ̀ọ̀kan. Ìwé òfin 1999 ò fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ láìlólúwa. Nínú àfikún rẹ̀ kẹrin, ó kó ọjà, gáréèjì àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ará ìlú pọ̀ sójú kan náà, ó sì fi gbogbo rẹ̀ lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́.